Abo Ẹṣin Ìkẹyìn ní Mòwé

Ní ẹnu géètì ẹsítéètì tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Mòwé, ẹṣin méjì wà tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ. Wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, ẹsẹ̀ iwájú wọn sì wà lókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń gbé inú ẹsítéètì náà fẹ́ràn wọn, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Mo ti gbọ́ tí bàbá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pé ẹṣin ò gbé agbègbè yìí rí, pé òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó gbogbo wọn wá. N kò dá sí i, torí ọmọ náà ń lá áísìkirímù lọ́wọ́, kò sì fetí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ri ẹsẹ̀ ẹṣin símẹ́ńtì wọ̀nyẹn mọ́, ẹṣin gidi ló ń jẹko níbẹ̀ nígbà tí mo kó dé, wọ́n sì ń bímọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe ní Ìfọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí n tó kó wá sí ilé tí mo kọ́ sí Mòwé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ìyá onílé tuntun ni pé mo lọ fi ẹjọ́ eṣinṣin sun ẹni tó ni ẹṣin. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Mùsùlùmí tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà gan-an, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ń gbin ẹ̀fọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, báárò ìgbẹ́ ẹṣin kan ti dé ẹnu géètì mi. Nígbà tí òjò fi rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tẹ̀tẹ̀ mi ti ga dé àyà. Eṣinṣin kò dín kù, ṣùgbọ́n mi ò ráyè tiwọn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń yà sí ibùso Bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló sọ ìtàn àwọn ẹṣin náà fún mi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùtọ́jú ẹṣin ní pápá eré ìje l'Ékòó, láyé àwọn òyìnbó. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi akọ kan àti abo kan lé e lọ́wọ́. Ìran ẹṣin eré ìje ni wọ́n, ìran tí àwọn òyìnbó ti ń sọ́ bí ẹni ń sọ́ ojú, tí wọn kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ wọn gùn, awọ wọn fẹ́lẹ́, wọn kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju eré sísá lọ. Ọkùnrin náà fi okùn fà wọ́n, ó ń tẹ̀ lé ojú irin bọ̀ láti Èkó, ó wá gba ọ̀nà oko títí ó fi dé ilẹ̀ bàbá tirẹ̀.

Láti ara àwọn méjèèjì ni ẹṣin ti gbilẹ̀ ní ìhà ibí. Àwọn tó ń sìn ín wà ní Ìfọ̀, wọ́n wà ní Ìbàfọ̀, wọ́n sì máa ń yá ara wọn ní akọ, kí bàbá má baà gun ọmọ. Akọ ni wọ́n ń yá, wọn kì í yá abo. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kì í sì í ka ìran ẹṣin láti ọ̀dọ̀ bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ẹṣin, á lóṣòó tì í, á dárúkọ ìyá rẹ̀ sí i létí, á dárúkọ ìyá ìyá rẹ̀, títí á fi kan abo tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó. Ó ní, "Akọ kò le, Tíṣà. Èèyàn á yá a, á dá a padà. Abo lèèyàn ń ní."

Nígbà tí mo fi kó dé, eré ìje ti di ìtàn. Àwọn tó kù tí wọ́n ń wá ẹṣin ni ìjòyè tó fẹ́ jẹ oyè, ọkọ ìyàwó, àwọn tó fẹ́ gẹṣin lọ kí ọba lẹ́yìn Iléyá, àti òbí tí ọmọ wọn ń ṣe ọjọ́ ìbí. Gbogbo wọn, akọ ni wọ́n ń béèrè. Bí ìjòyè bá gun abo ẹṣin, wọn kò ní í sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ọ́. Nítorí náà àwọn tó ń sin ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú akọ, wọ́n sì ń ta abo dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá pa gbogbo adìyẹ tó ń yé, tó wá fi àkùkọ sílẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tó yá, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n pé ẹṣin kì í bí mọ́ ní agbègbè yìí. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ló yí padà.

Abo kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Bàbá, ó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko, ó sì ti ń dàgbà. Ohun tí Bàbá fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ kí ó bí ọmọ kan sí i, kí ọmọ náà jẹ́ abo, kí bàbá ọmọ sì wá láti inú ìran kan náà. Bí abo pupa yẹn bá kú láìbí abo, ohun tí bàbá rẹ̀ fà dé láti Èkó ti tán nìyẹn. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ti ń ta ilẹ̀ náà fún àwọn oní-ẹsítéètì díẹ̀díẹ̀. Ibùso àti pápá kékeré kan ló kù. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ráhùn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń dúró de ọkọ̀ tó ti yẹ kó dé.

Akọ tó kù nínú ìran náà wà ní Ìfọ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin háyà fún ayẹyẹ. Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin náà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní kí n sin òun lọ. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó tètè dìde, torí ilẹ̀ ibùso ẹṣin kì í ṣe ibi tí èèyàn ń na ara lé. Ó mú wa lọ wo akọ náà. Dúdú ni, ó ń dán, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

"Tíṣà wa, ẹṣin yìí kì í ṣe ẹṣin lásán o," ọ̀gá ẹlẹ́ṣin náà ní. "Ẹ kọrin, á jó. Ẹ yin ìbọn, kò ní í mira. Kò sí ìjòyè tó gùn ún tí kò padà wá."

Bàbá rìn yí ẹṣin ká, ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó ṣí ètè rẹ̀ wo eyín. "Ṣé ó máa ń sáré?"

"Sáré kẹ̀, Bàbá? Ta ló fẹ́ kí ẹṣin gbé ọkọ ìyàwó sáré?"

"Ṣé ó ti rí abo rí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Níbo ló ti fẹ́ rí i? Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ ṣì ń fún abo ní oúnjẹ."

Lákọ̀ọ́kọ́ kò fẹ́ gbà. Ó ní akọ tó bá ti mọ abo, orí rẹ̀ kì í pé mọ́. Mo wá wò ó bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ́ akọ, òun lòun ni ín. Bó bá jẹ́ abo, kí Bàbá máa mú un lọ. Àánú hàn lójú rẹ̀ bó ṣe sọ èyí, bí ẹni tó ń fi eegun sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, mo rí i pé tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí kíákíá.

A dúró di ìgbà tí abo pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ akọ. Kò fi í pa mọ́ fún wa. Ó ń gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yán sí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá lọ sí òpópónà márosẹ̀. Bàbá fóònù Ìfọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n sì gbé akọ dé.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni, èèyàn tó mọ́ tónítóní, tó lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá sọ ọ́ ní Ọmọ Ọ̀yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì fa ẹṣin náà jáde. Ẹṣin náà wọṣọ. Àrán pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì di irun gogo rẹ̀ bí ẹni pé ó ń lọ sí ilé ìwé.

Bàbá bi í pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó ní Ìfọ̀ ni, tààrà. Ó ní ẹṣin òun kì í jáde ní ìhòòhò.

Kí a tó mọ̀, àdúgbò ti pé. Àwọn onílé wá, àwọn ayálégbé wá, àwọn ọlọ́kadà fẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà wọn ti fẹ́ǹsì. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ohun tí àwùjọ ń péjọ wò. Wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì lọ. Bàbá mú abo jáde. Abo náà kọ ẹ̀yìn sí akọ, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọlúàbí lè ṣe, ó tilẹ̀ ṣe díẹ̀ lé e. Akọ náà dúró. Ó ń wo fẹ́ǹsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ láti fún un ní ìwúrí, ni ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ó jó dáadáa. N kò lè sọ pé kò jó dáadáa. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ki ọrùn mọ́lẹ̀, ṣaworo ń dún, abo sì bojú wẹ̀yìn wò ó.

"Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀," ọlọ́kadà kan ké láti orí fẹ́ǹsì. "Ẹ ní ijó ti tó, ìyàwó ń dúró."

"Ẹ fi í sílẹ̀, díákónì ni," mẹ́káníìkì kan dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kámpù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ ìnujú nu ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, ó ní, "Ẹṣin tèmi kì í ṣe oníṣekúṣe. Mo ti kọ́ ọ ní ìwà."

Bàbá wò ó. "Ìwà yẹn ni yóò pa ìran rẹ̀ rẹ́."

Nígbà tí oòrùn mú, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Obìnrin kan ní iṣẹ́ ayé ni. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó lè ráyè bínú sí ẹṣin tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ti jókòó lórí báárò, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi sún mọ́ akọ náà láti bá a tú ṣaworo, bóyá ariwo rẹ̀ ló ń dà á láàmú, ni mo bá gbọ́ òórùn róòbù. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni, torí mo máa ń fi í pa orúnkún mi láràárọ̀. Mo fà sẹ́yìn, òórùn náà dín kù. Mo tún sún mọ́ ẹṣin, ó le sí i. Orúnkún mi wà lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ìgbà náà, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Mo bi Ọmọ Ọ̀yọ́ bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe ẹṣin.

"Rárá o, Mà. Mo fi róòbù sí i nímú ni. A kì í jáde láìfi sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà gbọ́ òórùn abo."

Ọmọ Ọ̀yọ́ wo abo ẹṣin, ó wo akọ, ó wá wo Bàbá. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ibòmíràn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀gá òun. Láyé àtijọ́, nígbà tí abo wà káàkiri ibí, akọ tó bá gbọ́ òórùn wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ á gbàgbé ẹni tó jókòó lé e lẹ́yìn. Irú akọ bẹ́ẹ̀ ti gbé ìjòyè kan pẹ̀lú fìlà ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́ rí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kun imú akọ kí wọ́n tó mú un kúrò nílé. Abo ti tán nílẹ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ nìyẹn.

Mo gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, Ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ló sì fọ imú ẹṣin náà mọ́, kò gbójú sókè. A bọ́ àrán, a tú irun gogo. Síbẹ̀, akọ náà dúró. Bàbá ní kì í ṣe imú nìkan ni wọ́n kùn, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọ̀gá fóònù láti Ìfọ̀, ó ní ìgbéyàwó wà ní Sátidé. Mo gba fóònù, mo sọ fún un pé Sátidé kò tíì dé.

Bàbá so àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, igi fẹ́ǹsì kan ló wà láàárín. Ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ tàbí kó súfèé nítòsí ibẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni èyí dùn jù, torí súfèé ni òun àti ẹṣin fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá ní kó jókòó sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹṣin kò ti ní í rí i. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì, mo sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá ẹṣin náà jẹun. Mo ní ó jẹun. Ó bi mí bóyá ó béèrè òun. Mo sọ òótọ́ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Akọ náà ti na ọrùn kọjá igi, ó ń fín abo náà lọ́rùn, ó sì ká ètè òkè rẹ̀ sókè títí gbogbo eyín rẹ̀ fi hàn, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ya á lẹ́nu. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti rántí." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú igi àárín kúrò. Mo wà nínú ọgbà mi, mò ń gé ewúro. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo gbọ́ igbe ńlá kan, mo sì ń gé ewúro mi lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ọmọ Ọ̀yọ́ ti kúrò ní ẹ̀yìn ilé, ó dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ó ń nu ojú. Ó ní eruku ni.

Akọ padà sí Ìfọ̀ kí Sátidé tó dé, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ. Abo pupa náà sì lóyún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oṣù mẹ́sàn-án ni ẹṣin fi ń lóyún bí ti ọmọ ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó oṣù mọ́kànlá. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, Bàbá àti ọ̀gá Ìfọ̀ ń gbàdúrà lórí ikùn kan náà, ọ̀kan ń tọrọ abo, èkejì ń tọrọ akọ. Mo rò pé Ọlọ́run ti mọ́ irú rẹ̀ lára.

Kí oyún náà tó dàgbà tán, ohun tí ọ̀gá bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló fóònù Bàbá, Bàbá sì fún mi ní fóònù kí n lè gbọ́ ọ yé. Wọ́n gbé ẹṣin lọ sí ìgbéyàwó kan ní Arépo. Ó ti ń kọ róòbù láti ìgbà tó ti Mòwé dé, ó ń gbé orí sá fún un, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe lè ṣe. Ọkọ ìyàwó gùn ún. Wọ́n lu ìlù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹṣin dúró, ó gbé orí sókè, ó yán lẹ́ẹ̀kan síhà Mòwé, ó sì gbéra. Kò jó. Ó gba ojú títì ẹsítéètì náà lọ dé ìpẹ̀kun, ó yí po, ó sì tún gbà á padà, ọkọ ìyàwó sì dì mọ́ ọrùn rẹ̀. Ohunkóhun kò ṣe é. Fìlà rẹ̀ nìkan ni wọn kò rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá pe dókítà ẹranko, wọ́n sì tẹ ẹṣin náà lọ́dàá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá bí mo ṣe gbọ́ ọ, fóònù ṣì wà létí mi. N kò mọ ohun tí mò ń retí kó sọ.

"Nígbà tó ń sáré," ó ní, "ṣé ó na ọrùn?"

Mo bi Ọmọ Ọ̀yọ́. Ó ní ó nà án gbọọrọ. Ó ní òun kò rí ẹṣin kankan tó sáré báyẹn rí láyé òun, àti pé òun ti ń bá a gbé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

Ó mi orí. Ó lọ bu èérí ọkà fún abo.

Òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò ló bí i. Nígbà tí mo dé, ọmọ náà ti ń gbìyànjú láti dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ohun tó mọ̀ ọ́n lò lọ. Ó ṣubú, ó tún dìde. Bàbá lóṣòó sínú koríko tútù, aṣọ ìrun rẹ̀ ti rin, ó ń dárúkọ àwọn ìyá sí i létí. Ó dárúkọ wọn títí dé orí abo tó ti Èkó wá. Ó wá gbé ìrù ọmọ náà, kí n lè rí i fúnra mi. Abo ni.

Ọ̀gá wá láti Ìfọ̀ ní ọ̀sán. Ó wò ó ní iwájú, ó wò ó ní ẹ̀yìn, ó sì bọ́ fìlà. "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò." Ó kí èmi náà bẹ́ẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe kọ igun, ó dojúbolẹ̀ níbi tó dúró sí, ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, ní ojú títì.

Ó jẹ́ ìwà mi láti máa yẹ iṣẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rò ó dé ibi tí kò dára. Bàbá ti rí abo tó fẹ́. Ṣùgbọ́n akọ kan ṣoṣo tó kù nínú ìran náà ni bàbá rẹ̀, èyí tí kì bá tilẹ̀ tọ́ kó gùn ún, ó sì ti di ọ̀dá. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún un. Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ ọ́, nítorí mo gbà pé ẹni tó bá mọ nǹkan kò gbọdọ̀ fi í pa mọ́ fún àgbàlagbà. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ ẹjọ́ eṣinṣin.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí Ọmọ Ọ̀yọ́ ti fóònù," ó ní. "Ṣé kí n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má bí i mọ́?"

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn oní-ẹsítéètì ra ohun tó kù nínú pápá. Bàbá kó àwọn ẹṣin rẹ̀ lọ sí ìhà Ọbáfẹ́mi, níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀ ní oko sí. Mo lọ kí wọn níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Abo pupa náà ti kú, ó kú jẹ́ẹ́ lójú oorun, wọ́n sì sin ín sí ìdí igi ọsàn. Ọmọ rẹ̀ ti ga ju èmi lọ. Ní pápá kan náà ni ẹṣin àgbẹ̀ kan wà, akọ kúkúrú, oníkùn ńlá, tó ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ọjà. Kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀. Bàbá ní òun ń dúró kí ọmọ náà gbó díẹ̀ sí i ni.

Mo bi í bóyá èyí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo rọra béèrè, torí mo mọ ohun tí mò ń béèrè.

Ó ronú sí i. "Ohun tó bá bí, kò ní í jẹ́ ohun tí bàbá mi fà wá láti Èkó, Tíṣà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N óò dárúkọ àwọn ìyá rẹ̀ sí i létí bó ṣe wà, èyí tó bá jẹ́ ti bàbá, n óò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin ni yóò jẹ́."

Nígbà tí mò ń lọ, ó sìn mí gba ẹ̀gbẹ́ pápá dé ibi tí ọ̀kadà wà. Ọmọ ẹṣin náà rí wa, ó sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú fẹ́ǹsì, ó na ọrùn gbọọrọ, ó dé ìpẹ̀kun pápá kí a tó gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, ó yí po, ó sì padà sọ́dọ̀ wa. Ẹṣin àgbẹ̀ náà gbéra tẹ̀ lé e láti ibi tó ti ń jẹko. Kò sáré. Ọmọ náà ti lọ, ó ti bọ̀, ó sì ti tún lọ. Òun ń rìn bọ̀, ó ń rìn bọ̀, ó ń já koríko jẹ lójú ọ̀nà. Bàbá dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ó ń bọ̀," ó ní.